Ibi Tí Awò Ń Wò àti Ibi Tí A Fẹ́ Kí Ó Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dá lórí iṣẹ́ àwọn tí ń ya àwòrán ojú ọ̀run, pàápàá jù lọ lórí ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ohun tí wọ́n fẹ́ yà lè bọ́ sí àárín férémù, kí ó sì jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ti fẹ́ kí ó jókòó. Bí ẹnìkan bá ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ni ó le nínú kí ènìyàn kọjú kámẹ́rà sókè kí ó sì tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sùúrù bá mi lọ díẹ̀, nítorí pé nínú ohun tí ó dàbí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ìmọ̀ tí ọmọ aráyé ti ń kó jọ láti ohun tí ó lé ní 100 ọdún gbé fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí pápá iṣẹ́ náà ti tẹ́jú tó. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òṣùpá, àrànmọ́jú, tí a máa ń wò tí a sì máa ń rò pé ó gba àyè púpọ̀ lókè, ìdajì dígírì péré ni fífẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run ní ìhà ìlà-oòrùn títí dé ibi tí ó ti pàdé rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, dígírì 180 ni, tí ó fi jẹ́ pé òṣùpá 360 ni a óò tò tẹ̀lé ara wọn kí a tó ti etí kan dé èkejì. Nísinsìnyí, ẹ mú awò-awọ̀nàjíjìn kan tí gígùn ìfojúsùn rẹ̀, èyíinì ni àyè tí ó wà láàárín gíláàsì rẹ̀ àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣù jọ, jẹ́ mìlímítà 1,000. Ẹ so kámẹ́rà mọ́ ọn, irú èyí tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, abala pẹlẹbẹ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, fẹ̀ ní mìlímítà 23.5 tí ó sì ga ní mìlímítà 15.6. Gbogbo ohun tí férémù yín yóò lè gbà kò ju dígírì 1 àti díẹ̀ lọ ní ìbú, kò sì tó dígírì 1 ní òró. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú férémù bẹ́ẹ̀ ya gbogbo ojú ọ̀run tán láìku ibì kan, ohun tí ó lé ní 30,000 àwòrán ni ẹ óò yà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹyọ kan ni oníṣẹ́ náà ń wá ní òru ọjọ́ náà, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí ohun tí ó ń wá rárá, àfi bí kámẹ́rà bá gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ óò wí fún mi pé ẹ̀rọ ti wà tí ń ṣe é. Òótọ́ ni pé láyé òde òní, orí ìtẹ́ kan tí mọ́tò ń yí ni a máa ń gbé awò lé, tí a óò sì tẹ orúkọ ohun tí a ń wá, tí ìtẹ́ náà yóò sì yí lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn nípa ìtẹ́ yìí: iye ìgbà tí eyín irin inú ara rẹ̀ ti yí nìkan ni ó mọ̀, kò mọ ohun tí ó wà níwájú awò. Bí a bá sọ irọ́ fún un nípa aago, yóò gba irọ́ náà gbọ́. Ìṣẹ́jú 4 péré tí aago rẹ̀ bá fi sáré tàbí tí ó bá fi falẹ̀, ayé ti yí ní dígírì 1 láàárín rẹ̀, èyí tí í ṣe fífẹ̀ òṣùpá 2. Bí ó bá sì jẹ́ wákàtí 1 ni a fi ṣìnà nínú aago, dígírì 15 ni awò yóò fi jìnnà sí ibi tí a rán an. Àní bí aago bá tilẹ̀ tọ̀nà, eyín irin a máa ní àlàfo díẹ̀ láàárín ara wọn, ọ̀pá awò a máa tẹ̀ díẹ̀ nítorí ìwúwo kámẹ́rà tí a so mọ́ ìdí rẹ̀, ilẹ̀ tí a gbé ẹsẹ̀ ìtẹ́ lé a sì máa rì lọ́wọ́ ìrì òru. Bí ìtẹ́ náà bá dé ibi tí ó rò pé òun ń lọ, a kígbe pé òun ti dé. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ láìwádìí lè ya àwòrán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ń wá ni ó ti ń yà.

Àwọn tí wọ́n ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí fi ojú wọn jìyà púpọ̀. Ní ọdún 1880 ni Henry Draper, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ya ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Orion, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sì ni ó fi jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà máa bọ́ sórí gíláàsì tí a fi oògùn kùn. Ní ọdún 1888, Isaac Roberts, ọmọ ilẹ̀ Wales kan tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti sọ di ọlọ́rọ̀, ya agbo ìràwọ̀ Andromeda ní ẹ̀bá Liverpool, àwòrán náà ni ó sì kọ́kọ́ fi han aráyé pé ohun tí wọ́n ti ń pè ní èéfín lásán ní apá tí ó lọ́ yí ara rẹ̀ ká. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá ti gbé gíláàsì sínú awò, kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó bọ́ sórí rẹ̀ títí a ó fi gbé e wọ yàrá òkùnkùn tí a ó sì fi omi oògùn fọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣe pé àárín kò bọ́ sí àárín, òru ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn, a kò sì rí ọ̀nà mú un padà.

Ọdún 1888 yìí kan náà ni ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòràwọ̀ Harvard tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Williamina Fleming. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni. Iṣẹ́ ilé ni ó kọ́kọ́ ń ṣe nínú ilé Edward Pickering, ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ náà, kí ó tó di pé wọ́n gbé iṣẹ́ yíyẹ àwọn gíláàsì wò lé e lọ́wọ́. Bí ó ti ń yẹ ọ̀kan nínú wọn wò, ó rí ibì kan tí ó dúdú, tí ó ya wọnú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé a bù ú jẹ, ní nǹkan bí ìdajì dígírì sí gúúsù ìràwọ̀ Alnitak, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìbàdí Orion. Ohun tí ó rí náà ni gbogbo àgbáyé wá mọ̀ lónìí sí ìkùukùu Orí Ẹṣin, kò sì sí ẹni tí ń ya àwòrán ọ̀run tí kò fẹ́ yà á kí ó tó kú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ tí ó ń tàn yòò ni ó gbé rí i, nínú àyè tí ó ṣẹ́kù nínú férémù.

Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní Harvard lé ní 500,000. Láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wò gan-an, ènìyàn ní láti jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àwòrán ọ̀run àti ẹ̀rọ ìwọ̀n, kí ó máa fi ìràwọ̀ kan wé òmíràn. Iṣẹ́ tí ó gba ọjọ́ orí ènìyàn yìí ni kọ̀ǹpútà wá gbà lọ́wọ́ wa.

Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Dustin Lang, David Hogg, Keir Mierle, Michael Blanton àti Sam Roweis, ni wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n sọ ní Astrometry.net, tí wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn kò gùn: bí ẹnìkan bá gbé àwòrán ìràwọ̀ kan wá, láìsọ ibi tí ó ti yà á, láìsọ ìgbà tí ó yà á, láìsọ bí awò rẹ̀ ti gùn tó tàbí apá ibi tí òkè àwòrán náà wà, ǹjẹ́ a lè sọ ibi tí àwòrán náà ń wò ní ojú ọ̀run? Ìdáhùn wọn ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní plate solving, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní, nítorí òun gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ wa.

Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ wá gbogbo ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú àwòrán náà, yóò sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n súnmọ́ ara wọn. Yóò wo méjì tí wọ́n jìnnà sí ara wọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì fi àwọn méjì yìí ṣe òpó ìwọ̀n, bí ẹni pé ọ̀kan ni ìbẹ̀rẹ̀ tí èkejì sì jẹ́ òpin. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wọn ibi tí àwọn méjì yòókù bọ́ sí láàárín òpó méjèèjì. Iye mẹ́rin ni yóò rí, méjì fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn iye mẹ́rin wọ̀nyí kì í yí padà, ìbáà ṣe pé a dojú àwòrán kọlẹ̀, ìbáà ṣe pé a sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Ní ayé àtijọ́, bí àjèjì bá wọ ìlú, àgbà tí ó mọ ilà kì í béèrè orúkọ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá ọmọ Ọ̀yọ́ ni tàbí ọmọ Oǹdó, nítorí pé bí ojú ti wù kí ó yí, ìlà tí a fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ìràwọ̀ mẹ́rin láìbéèrè orúkọ. Àkọsílẹ̀ irú ìràwọ̀ mẹ́rin mẹ́rin báyìí ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, tí a ti kó jáde láti inú ìwé ìkàyè ìràwọ̀. Bí ó bá rí èyí tí ó jọ ọ́, kò tíì gbà á gbọ́. Yóò wí pé bí ó bá ṣe ibí ni à ń wò lóòótọ́, a jẹ́ pé ó yẹ kí ìràwọ̀ báyìí wà níbí, kí òmíràn sì wà lọ́hùn-ún, yóò sì lọ wò ó bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Bí wọ́n kò bá sí níbẹ̀, yóò dá a nù, yóò sì gbé òmíràn yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn tí ó ṣe é dán an wò lórí àwòrán ìwádìí òde òní, ó dá ohun tí ó lé ní 99.9 nínú 100 mọ̀, kò sì sí ẹyọ kan tí ó pè ní ohun tí kì í ṣe. Èmi ka àìparọ́ rẹ̀ yìí sí ju yíyára rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí yóò sọ pé òun kò mọ̀ nígbà tí kò bá mọ̀ ṣọ̀wọ́n láyé.

Ìwé ìkàyè ìràwọ̀ tí mo mẹ́nu bà yìí pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé òjijì ni ó já bọ́. Ní ọdún 1887 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Paris tí wọ́n sì pín ojú ọ̀run láàárín ara wọn bí ẹni pín oko, kí ilé ìwòràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi gíláàsì ya ìpín tirẹ̀. Iṣẹ́ náà ju ọjọ́ ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Lónìí, ọkọ̀ gbalasa òfurufú Gaia, tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ti wọn ipò ìràwọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.8, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní kọ̀ǹpútà lè gba àbájáde rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ìdí iṣẹ́ náà gan-an, kí a wo bí ó ti ń lọ. Ká ní ẹnìkan fẹ́ ya Orí Ẹṣin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti gbé ìtẹ́ kalẹ̀, ó ti so kámẹ́rà mọ́ awò, wáyà kan sì ti inú kámẹ́rà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ ohun tí ó ń wá; mọ́tò kùn, awò yí, ó dúró. Ètò inú kọ̀ǹpútà kò gbà pé ó ti dé. Ó pàṣẹ fún kámẹ́rà pé kí ó ya àwòrán kan, kí ó ṣí ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Àwòrán náà jáde sójú kọ̀ǹpútà, ó dúdú, ẹ̀kán funfun sì fọ́n ká inú rẹ̀. Kò sí Orí Ẹṣin, kò sí ìkùukùu, ojú ènìyàn kò sì lè dá ohunkóhun mọ̀ níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, àkọsílẹ̀ kan yọ lábẹ́ rẹ̀ tí ó wí pé: ibi báyìí ni o ń wò, ó sì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dígírì jìnnà sí ibi tí o fẹ́. Ètò náà sọ òtítọ́ yìí fún ìtẹ́, ìtẹ́ tún èrò rẹ̀ ṣe, mọ́tò kùn díẹ̀. Àwòrán kejì: ó kù díẹ̀ káàtó. Mọ́tò tún kùn. Àwòrán kẹta: àṣìṣe tí ó kù kò tó ìdá kan nínú 60 dígírì, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí òṣùpá. Nígbà náà ni ó tó wí pé ó parí. Abéèrè kì í ṣìnà ni àwọn baba wa wí, ohun tí ètò yìí sì ń ṣe kò ju kí ó máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ìràwọ̀ fúnra wọn títí ọ̀nà yóò fi là. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ètò bíi N.I.N.A. àti ASTAP bí ẹní mọ owó. Ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

Ohun kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ètò àti ìtẹ́, tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́. Ayé tí à ń gbé lórí rẹ̀ yìí ń mì orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 26,000 ni ó fi ń mì í yíká lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iye tí a fi ń júwe ipò ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí padà lọ́dọọdún. Àwọn ìwé ìkàyè a máa kọ iye náà bí ó ti rí ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìtẹ́ ni ó ń lo ti òní. Láti ọdún 2000 títí di ìsinsìnyí, ìyàtọ̀ náà lè ju ìdá mẹ́ta dígírì lọ, èyí tí ó ju ìdajì òṣùpá lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá mọ ọdún tí ẹnìkejì wọn ń sọ, wọn yóò máa ti awò síwá sẹ́yìn.

Mo ti sọ bí a ti ń mú ohun kan bọ́ sí àárín. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé àárín ni ó yẹ kí ohun gbogbo wà? Níbí ni ọwọ́ ènìyàn ti wọ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Kí alẹ́ tó lẹ́, kí a tó gbé awò jáde rárá, oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò ti ṣí ètò Stellarium, èyí tí Fabien Chéreau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀, tí ń fi ojú ọ̀run hàn bí yóò ti rí láti ìlú yòówù tí a bá dárúkọ. Yóò sọ gígùn awò rẹ̀ àti fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fún un, férémù pupa kan yóò sì hàn lórí àwòrán ọ̀run. Bí bírò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè ṣe ìṣirò náà fúnra yín: ẹ fi 57.3 sọ fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ di púpọ̀, ẹ sì fi gígùn ìfojúsùn awò pín in. Iye dígírì tí férémù yóò gbà ni yóò yọ. Kámẹ́rà tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, bí a bá so ó mọ́ awò mìlímítà 400, dígírì 3.4 ni yóò gbà ní ìbú, Andromeda yóò sì gba inú rẹ̀ tinútòde. Ẹ gbé e lọ sórí awò mìlímítà 2,000, òṣùpá pàápàá kò ní lè gba òró rẹ̀ tán.

Oníṣẹ́ náà yóò wá máa yí férémù pupa yìí. Bí ó bá fi í lélẹ̀ ní ìbú, apá kan yóò ku. Bí ó bá nà án tẹ̀lé ibi tí Andromeda dùbúlẹ̀ sí, arẹwà náà yóò nà gbalaja láti igun dé igun, àwọn agbo ìràwọ̀ kékeré méjì tí ń tẹ̀ lé e, M32 àti M110, yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ohun tí ó fẹ́ bá ju férémù kan lọ, yóò pín in sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, yóò sì jẹ́ kí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀ kí ó lè rán wọn pọ̀ nígbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ó bá pinnu ni ètò náà yóò kọ sílẹ̀, àti ipò àárín férémù, àti ìwọ̀n yíyí rẹ̀. Bí ìkùukùu òjò bá lé e wọlé ní òru òní, ní ọ̀la, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àní ní ọdún tí ń bọ̀, yóò ṣí àwòrán ti àná fún ètò náà, ètò náà yóò sì dá awò padà síbi kan náà. Bákan náà, nígbà tí ohun tí a ń yà bá ti kọjá àárín òkè, tí ìtẹ́ ní láti yí apá rẹ̀ padà kí awò má bàa lọ kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀, àwòrán a máa dorí kodò. Ètò náà ni yóò tún béèrè ọ̀nà tí yóò sì tún mú un bọ́ sípò, bí oníṣẹ́ tilẹ̀ ti sùn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé èyí ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, pé kò sí ọgbọ́n mọ́ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Andromeda dá wọn lóhùn. Díẹ̀ ni agbo ìràwọ̀ tí aráyé ya àwòrán rẹ̀ tó o. Ó jìnnà sí wa ní mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ kò sí olùyàwòrán ọ̀run tí kò mọ ojú rẹ̀. Ní ọdún 2022, Yann Sainty, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ń ya àwòrán ọ̀run fún ìfẹ́ rẹ̀, fi ọ̀pọ̀ òru yà á, ó sì lo gíláàsì kan tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nìkan kọjá. Nígbà tí òun àti Marcel Drechsler ará Jámánì àti Xavier Strottner yẹ àwòrán náà wò, wọ́n rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí: ìmọ́lẹ̀ búlúù tín-ín-rín kan tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí gígùn rẹ̀ ju dígírì 1 lọ, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Andromeda, ní ibi tí ó ju dígírì 1 lọ sí ọkàn rẹ̀. Nítorí pé ó rẹ̀wẹ̀sì púpọ̀ ni kò fi hàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó bá há férémù mọ́ Andromeda lára, kí ó lè tóbi kí ó sì wuyì, ìbáà lo ọ́síjìn fún 1,000 wákàtí, yóò ti gé ohun náà sọnù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán Sainty ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn olùyàwòrán ọ̀run tí ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní London ṣe ní ọdún 2023. Kọ̀ǹpútà lè mú awò dé ibẹ̀ ní òru kọ̀ọ̀kan láìyẹsẹ̀. Ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ nínú férémù, ènìyàn ni.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tí ìmọ́lẹ̀ búlúù náà wà ní ti gidi, bóyá lẹ́bàá Andromeda lọ́hùn-ún ni tàbí nínú agbo ìràwọ̀ tiwa níhìn-ín. Àwọn baba wa kúkú ti wí i pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ohun méjì lè wà nínú férémù kan ṣoṣo kí ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn má sì ṣeé fẹnu sọ. Gbogbo ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí tí ó bo ojú Andromeda nínú àwòrán, iwájú ilé tiwa níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Nípa ti ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kàn wá gbọ̀n-ọ́n. Àwọn ìwé tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ a máa sọ fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ Polaris, tí ó dúró ní ìhà àríwá, kí ó sì fi ìtẹ́ rẹ̀ kọjú sí i. Lọ́dọ̀ wọn, òkè dáadáa ni Polaris wà. Ní Ìbàdàn, kò ga ju nǹkan bí dígírì 7 lọ sókè ilẹ̀. Òrùlé aládùúgbò, igi, èéfín àti eruku ọyẹ́ a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ra awò ni ọ̀rọ̀ yìí ti sú. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ yìí ni ó tú ìdè náà: ó lè ya àwòrán mẹ́ta ní apá ọ̀run yòówù tí ó bá mọ́, kí ìtẹ́ sì máa yí díẹ̀ láàárín wọn, kí ó wá fi ibi tí ìràwọ̀ bọ́ sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣírò bí ìtẹ́ ti wọ́ tó, kí ó sì sọ fún wa ibi tí a óò tì í sí, láìrí Polaris sójú rárá. Ojú ọ̀run tiwa sì ní ọrọ̀ tí àwọn tí ń gbé London kò ní. Andromeda tí ó wà ní àríwá ń gòkè kọjá ìdajì òkè lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu ńlá Carina tí ó wà ní gúúsù, tí kò lè yọ sókè ilẹ̀ rárá ní London láéláé, ń yọ sí wa ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Pọ̀tọ̀nófò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ní ilé tàbí ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí owó awò-awọ̀nàjíjìn yóò pé. Ọ̀fẹ́ ni Stellarium; ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ìlú yín fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi férémù pupa náà wá Orion àti Andromeda. Bí ọmọ kan bá ní fóònù tí ó lè ya ìràwọ̀, kí ó gbé e lé ohun tí kò mì, kí ó yà á, kí ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Astrometry.net, bí ìràwọ̀ bá hàn nínú rẹ̀ dáadáa, wọn yóò sọ fún un, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí fóònù rẹ̀ ń wò. Ní oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Kejì ọdún, Orion a máa wà lókè wa gan-an ní alẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.